Kànga Tí Kò Lómi ní Olódò

Ní Ìrókò, níbi tí wọ́n ti bí Àpèkẹ́, ẹni tó bá fa omi kì í gbé garawa rẹ̀ rù kí ó tó fi ìdérí dé ẹnu kànga. Ọ̀ṣunlọlá, ìyá rẹ̀, a máa dá ọmọ padà láti agbedeméjì ọ̀nà nítorí ìdérí tó yẹ̀ díẹ̀. "Mo ti dé e" kò tó lójú ìyá náà. Àfi kí ọmọ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Àṣà yìí ni Àpèkẹ́ gbé wá sí Olódò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru kọnkéré níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìtura alájà mẹ́rin.

Ilé náà yóò ní lífítì tí yóò máa gbé ènìyàn lọ sókè. Lífítì kò tíì dé. Ihò rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, láti òkè pátápátá dé ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ní àjà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí Àpèkẹ́ kọ́kọ́ rí i, ó ní, "Kànga nìyí, omi ló kù."

Àwọn káfíńtà a máa fi pákó dí ẹnu ihò náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wá pákó níbòmíràn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀, tí ilẹ̀ ń yọ̀, wọ́n fẹ́ da kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ kan ní àjà kẹta. Àpèkẹ́, ìyá Ifágbèmí, ló ṣíwájú àwọn obìnrin tó ń ru ú. Bó ti yọ orí sókè, ó rí i pé wọ́n ti kó pákó ẹnu ihò lọ. Ó sọ páànù rẹ̀ kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró.

Lateef, ọ̀gá àwọn bíríkìlà, lọgun: "Ìyá Ifágbèmí! Kọnkéré ń gan o! Ṣé ẹ fẹ́ fi mọ ère ni?"

"Ọ̀gá, ihò yẹn ṣí sílẹ̀."

"Ṣebí ẹ lójú!"

"Ẹni tó rẹrù kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ wá rù ú, kí ẹ máa wolẹ̀, ká wò ó."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ óò lọ sílé lónìí o!"

"Bí mo bá ti fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ, mo dúpẹ́."

Àwọn kan pe èyí ní orí kunkun. Wọn kò pè é bó ṣe yẹ. Olórí kunkun ń jà fún ti ara rẹ̀ ni. Àpèkẹ́ mọ bí yóò ṣe fara ro ògiri kọjá. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń rò.

Lateef pòṣé. "Dìpẹ̀, bá wọn kàn án jàre, ká ríṣẹ́ ṣe."

Dìpẹ̀ káfíńtà kan pákó kan sí déédéé ìbàdí, ó kan òmíràn sí déédéé orúnkún. Àpèkẹ́ fẹsẹ̀ ti pákó ìsàlẹ̀. Ó mì.

"Tún un kàn."

"Háà, Ìyá, ẹ ti le jù!"

"Tún un kàn, ọkọ mi."

Dìpẹ̀ fi ìṣó kún un, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Oòrùn kò tíì mú tí Kifayah, tó kéré jù nínú àwọn obìnrin náà, fi yọ̀. Páànù rẹ̀ fò kọjá lórí pákó, ó já sínú ihò, gbogbo wọn sì gbọ́ bó ṣe dún nígbà tó balẹ̀. Kifayah fúnra rẹ̀ rọ̀ mọ́ pákó, orúnkún rẹ̀ bó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Pákó náà kò mì.

Lateef wá fa Kifayah dìde, ó sì gba òòlù lọ́wọ́ Dìpẹ̀.

"Ti àjà kejì ńkọ́? Ta ló tẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi ni," Àpèkẹ́ dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ lọ fẹsẹ̀ ara yín tẹ̀ ẹ́."

Lateef sọ̀ kalẹ̀ lọ.