Ẹ̀jẹ̀ Kì í Gba Aṣojú

Bí ẹ bá bi Mùjíbátù léèrè ọdún tí wọ́n bí i, yóò ní òun kò mọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá bi í léèrè ọdún tí bọ́ọ̀lù wọ Abà Ọládòṣù, kíá ni yóò dá yín lóhùn. Ó ní ọdún tí òjò pẹ́ kó tó rọ̀ ni, ọdún tí ẹ̀gẹ́ wọ́n, tí oníkálukú ń ṣọ́ láfún rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kò sì ní ríbi sá lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Obìnrin náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àtijọ́ ju oúnjẹ lọ.

Abà Ọládòṣù kò jìnnà sí Akínyẹlé. Ẹ ó gun ọ̀kadà kúrò lójú títì, ẹ ó gba ọ̀nà eléruku, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ sọdá odò kékeré kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ rí gbágungbàgun, àfi pápá kan ṣoṣo tó tẹ́jú lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Láti ayé ìyá ọkọ Mùjíbátù ni àwọn obìnrin ti ń sá láfún síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá rẹ, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, orí ọ̀rá ni wọ́n ń dà á sí kí oòrùn pa á kó gbẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo pápá náà á funfun báláú. Mùjíbátù ni olórí wọn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í joyè o, ẹnu rẹ̀ ló fi í joyè.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Luqman gbé ọ̀kadà rẹ̀ dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó háyà yàrá méjì ní Ajíbọ́dé, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi ẹnu kò pé àwọn yóò máa kọ́ àwọn ọmọ oko ní bọ́ọ̀lù. Ó kó bọ́ọ̀lù mẹ́rin sínú àwọ̀n, ó fọn fèrè. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ọmọ ti kún pápá, bọ́ọ̀lù sì ti wọ inú láfún. Mùjíbátù jáde tòun ti orógùn lọ́wọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn gba bọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kó wọn sínú àpò, ó fìdí lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa láfún tó ti di erùpẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Luqman dọ̀bálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀ ẹ́.

Ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí nìyí: kò sí ọmọ tí yóò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó kírun Alásárì, kò sì sí èyí tí yóò fẹsẹ̀ kàn án lẹ́yìn ìrun bí wọn kò bá tíì kó láfún gbogbo abà sínú àpò. Luqman ní kò burú, pé ìyẹn ni wọn yóò máa fi na ara.

Áà, ẹ ò bá wà níbẹ̀. Ogójì ọmọ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á kó, wọn á dì í, wọn á gbé àpò sáré lọ sí abẹ́ igi máńgòrò. Kí Luqman, tí wọ́n ń pè ní Kóòṣì, tó fọn fèrè, òógùn ti bò wọ́n. Iṣẹ́ tí obìnrin mẹ́wàá ń fi ìdajì ọ̀sán ṣe, wọ́n ń parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn géńdé tó jẹ́ pé ìdí páràgà ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ tẹ́lẹ̀ di agbábọ́ọ̀lù, ojú wọn mọ́. Luqman àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ ní oògùn aràn, wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń fọṣẹ fọwọ́, ikùn tó yọ gbandu bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Àwọn ará abà kejì, tí wọn kì í kí wa tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ odò, ọmọ tiwọn náà ń bọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti gbá bọ́ọ̀lù sí ọmọ yín lẹ́sẹ̀ tí ìyẹn fi jẹ góòlù, báwo lẹ ṣe fẹ́ di kùnrùngbùn sí i?

Nínú gbogbo ọmọ wọ̀nyí, kò sí èyí tó dà bí Zubaidah. Ọmọ ọmọ Mùjíbátù ni. Roheem, bàbá rẹ̀, ń wa ọkọ̀ ẹrù lápá Ṣakí, ìyá rẹ̀ ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló ti gbọ́njú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Á wọ ṣòkòtò gígùn sábẹ́ jẹ́sì, á fi híjáàbù kékeré wérí, bí ó bá sì gba bọ́ọ̀lù, ó di kí wọ́n máa wá a kiri.

Ẹ má rò pé Mùjíbátù ń dúró wòran o. Bí wọ́n bá ti di àpò tán, ilé ló ń gbà lọ, ẹ̀gẹ́ ọ̀la ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Inú ilé ló ti ń gbọ́ ariwo. Bí wọ́n bá ń kígbe “Zuba! Zuba!” á mọ̀ pé ọmọ òun ló ń fi wọ́n ṣeré. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á máa bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò fara balẹ̀ lọ wò ó.

Ọdún kejì ni Luqman gbé òfin dé. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Tolúlọpẹ́ ń bá a wá ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Luqman ní ọmọ tó bá fẹ́ wọ jẹ́sì, kó mú àgbà kan láti ilé rẹ̀ wá kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sínú káàdì. Láìsí káàdì, kò sí jẹ́sì. Ẹ ò bá rí i bí àwọn ọmọ ṣe ń fa àwọn bàbá wọn lágbádá. Àgbàlagbà tí kò tíì jókòó níwájú dókítà láyé rẹ̀ ń na apá fún nọ́ọ̀sì nítorí kí ọmọ rẹ̀ lè gbá bọ́ọ̀lù.

Mùjíbátù nìkan ló kọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkọ rẹ̀, Sàníù, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé ìwòsàn ni. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n so irú ẹ̀rọ yẹn mọ́ ọn lápá, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sin ín. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún Mùjíbátù pé àìsàn náà ti wọ bàbá yẹn lára tipẹ́ kó tó débẹ̀. Ẹ̀rọ ló rí, ẹ̀rọ ló di ẹ̀bi rù. Bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ ni orí ń fọ́ òun náà. Ó ní oòrùn pápá ni. Olórí kunkun ni, kí n má purọ́ fún yín.

Ọ̀gbẹ́ni Luqman ń forí jì í látoṣù dóṣù, àfi ìgbà tí ìdíje dé. Abà mẹ́jọ ló fẹ́ kópa nínú rẹ̀, Moniya ni wọn yóò ti gbá àṣekágbá. Ó ní òun kò ní lè gbójú fò ó mọ́, nítorí àwọn òbí yòókù ti ń kùn. Zubaidah sunkún, kò jẹun alẹ́. Ni Mùjíbátù bá dá ọgbọ́n kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nílé wa níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé máa ń ṣojú fún ara wọn. Bí ìkan kò bá lè lọ sí ìsọmọlórúkọ, èkejì á lọ, á ní, “Èmi àti Ìyá Roheem la wá o,” wọn á sì gbà pé àwọn méjèèjì ló wá. Bí wọ́n ti ń ṣe nípàdé nìyẹn, bí wọ́n ti ń ṣe níbi òkú nìyẹn. Lójú Mùjíbátù, kí Gbọ́njúbọ́lá, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, lọ bá òun na apá fún nọ́ọ̀sì kò yàtọ̀ sí ìyẹn rárá. Nọ́ọ̀sì mìíràn ló sì wá lóṣù yẹn, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, Luqman sì wà láàárín pápá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Zubaidah fa Gbọ́njúbọ́lá lọ́wọ́ lọ jókòó, wọ́n wò ó, wọ́n kọ orúkọ Mùjíbátù sínú káàdì. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ màmá yìí dára bí ẹ̀jẹ̀ ọmọge. Nígbà tí wọ́n délé, àwọn ìyàwó méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Zubaidah kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú ni àṣekágbá. Mùjíbátù fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́, ó wọ aṣọ Iléyá, ó gun ọ̀kadà lọ sí Moniya. Gbogbo ọ̀nà ni orí ń fọ́ ọ, ó fi ìborùn di iwájú orí gírígírí. Nígbà tó dé pápá, àwọn ọmọbìnrin ti tò. Ó wo ìlà náà láti òkè délẹ̀, kò rí Zubaidah, ọmọ mìíràn ló wọ jẹ́sì rẹ̀. Inú bí i. Ó lọ bá Luqman, ó ní ṣé ìwọ̀sí ni. Luqman kàn nawọ́ sí ẹ̀yìn òpó góòlù, níbi tí Zubaidah jókòó sí, tó di káàdì mú.

“Ìyá àgbà, mo ti jẹ́wọ́ fún Kóòṣì,” ni Zubaidah wí. “Káàdì yìí kì í ṣe tiyín.”

Mùjíbátù ní ṣé orí rẹ̀ pé ṣá? Ṣé kò lè dúró kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tán kó tó máa jẹ́wọ́?

“Lánàá, ògiri lẹ dì mú kí ẹ tó lè dìde. Ẹ fi orúkọ bàbá mi pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá fi káàdì yìí wọ jẹ́sì, tí nǹkan bá ṣe yín, èmi ni mo pa yín.” Omi ń bọ́ lójú ọmọ náà, kò nù ún. “Ṣé wọ́n ń fi aṣojú wo ẹ̀jẹ̀ ni, Ìyá àgbà?”

Ara Mùjíbátù bù máṣọ. Ohun tó gbọ́ kọ́ ló bà á lẹ́rù, ojú ọmọ náà ni. Bí Sàníù ṣe máa ń wò ó nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dun ún dé eegun ni. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ó rìn lọ síbi tí Tolúlọpẹ́ jókòó sí lábẹ́ ìbòòji, ó ká aṣọ Iléyá rẹ̀ sókè, ó na apá.

Tolúlọpẹ́ wò ó, ó tún un wò. Igba lé mẹ́wàá lórí ọgọ́fà. Kò gbé ohùn sókè, ó kàn pe Luqman, ó ní kí wọ́n wá mọ́tò báyìí báyìí. Wọ́n gbé Mùjíbátù sẹ́yìn mọ́tò olùkọ́ kan, Zubaidah wọlé tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí wọ́n ti ń jáde ni wọ́n fọn fèrè. Ariwo ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, àmọ́ kò sí orúkọ Zuba nínú rẹ̀. Mùjíbátù ní ìgbà yẹn gan-an ni òun bú sẹ́kún.

Ọjọ́ méjìlá ló lò nílé ìwòsàn. Dókítà ní bó bá jẹ́ pé ó tún fi ọ̀sẹ̀ kan lé e ni, ìbá ti rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, bí kò bá pa á. Abà Ọládòṣù ló jáwé olúborí níjọ́ yẹn, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ aláwọ̀ wúrà kọ́ àwọn ọmọ lọ́rùn. Kò kan Zubaidah. Lẹ́yìn náà, Mùjíbátù gbé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Moniya fóṣù mẹ́ta kó lè sún mọ́ dókítà, Zubaidah ló ń fún un ní oògùn. Nígbà tí wọ́n máa padà sílé, Roheem wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé ní Ṣakí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Luqman kúrò n’Ìbàdàn, kò pẹ́ ni àrùn Kòrónà dé, bọ́ọ̀lù bá tán.

Tolúlọpẹ́ ṣì ń wá ní Sátidé àkọ́kọ́ o. Mùjíbátù ló kọ́kọ́ ń jókòó, òun ló sì ń lé àwọn tó bá fẹ́ rán aṣojú wá. Àmọ́ pápá ti dákẹ́. Àwọn obìnrin ló ń fọwọ́ ara wọn di láfún, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, tí wọ́n ti kírun Alásárì tán, á dúró díẹ̀ lórí pápá, á ní àwọn ọmọ náà ń ṣe òun bí i kóun rí wọn. Kì í fi bò.

Lóṣù tó kọjá, Zubaidah bímọ. Abà ló gbé ọmọ náà wá kí ogójì ọjọ́ tó pé, bí àṣà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mùjíbátù jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ náà sórí ojúgun, ó ń wẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé sínú láti ọ̀pọ̀ ọdún wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Zuba, n kò rí ọ níbi tí o ti ń gbá bọ́ọ̀lù rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo wá, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ó ń dùn mí títí dòní.”

Zubaidah na kàn-ìn-kàn-ìn sí i.

“Ìyá àgbà, ká ní mo gbá a ni, ta ni ì bá wẹ ọmọ yìí fún mi?”

Mùjíbátù yí ọmọ náà padà, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lẹ́yìn.