Orí Sojà, Àgbò Ẹ̀gbọ́n Sálíù

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, kí n ròyìn ohun tí orí àgbò kan fojú mi rí ní Minna, láyé ìgbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń darí reluwé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, "Bàbá tún ti dé." Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti dé.

Iṣẹ́ awọ ni mo kọ́ ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Minna, gàárì ẹṣin àti báàgì ni mo ń rán. Òyìnbó kan tó fẹ́ràn ọdẹ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe orí ẹran lọ́jọ̀, tí wọ́n á gbé e kọ́ ògiri, táá dà bíi pé ẹran náà ṣì ń wò yín. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Mi ò bi í, kò sì sọ fún mi.

Àdúgbò Kpakungu là ń gbé. Kò tíì kún bó ṣe kún lónìí. Yàrá tó tẹ̀ lé tèmi ni ti ẹ̀gbọ́n Sálíù, ará Ìlọrin tó ń ta obì gbàǹja lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Ó ní ìyàwó kan, Sàfúrátù, ó sì ní àgbò kan. Bí ẹ bá bi mí pé èwo ló fẹ́ràn jù nínú àwọn méjèèjì, mi ò ní dáhùn.

Sojà lorúkọ àgbò náà. Àgbò ìjà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n á wẹ̀ fún un, á mú un lọ sí pápá kan ní àdúgbò Shango níbi tí wọ́n ti ń mú àgbò kàn. Ìgbà tó jà kẹ́yìn, àgbò kan láti Bida ni wọ́n jọ kọlu ara wọn títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Sojà borí. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tó ń yí po lójú kan bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Ẹ̀gbọ́n Sálíù ní ijó ìṣẹ́gun ló ń jó. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín sí i.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Sojà já okùn, ó lọ wọ inú ọkà bàbà tí Sàfúrátù sá sórí ẹní. Ọkà yẹn ló fi ń ṣe ògì tó ń tà, kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí àgbò náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ń gún èlùbọ́ lọ́wọ́. Ó yọ ọmọ odó, ó là á mọ́ Sojà nímú. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, Sojà kú. Òkú rẹ̀ ni a bá nídìí òpó ní ìdájí, ẹnikẹ́ni ò rí i dúńbú. Mushe ni wọ́n ń pe irú ẹran bẹ́ẹ̀ níbí, Mùsùlùmí kì í jẹ ẹ́, nítorí náà ilẹ̀ la fi bo ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Sálíù ò pariwo. Ó kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ síta, ó sìn ín dé ibùdókọ̀, ó ní kó wọ ọkọ̀ ojú irin Ìlọrin kó lọ jókòó sílé bàbá rẹ̀. Èmi ni mo bá wọn gbé àpótí. Sàfúrátù ò bẹ̀bẹ̀, kò sì jiyàn. Òun náà gbà pé òun lòun pa á.

Láti ibùdókọ̀, yàrá mi ni ọkùnrin náà bọ́ sí, òun àti orí Sojà, tó ti gé kí a tó sin ara rẹ̀, nínú àpò. Ó ní kí n bá òun ṣe é bí mo ṣe ń ṣe tàwọn òyìnbó. Mo bi í pé ìyàwó ńkọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí orí yẹn bá gun ògiri, òun á ránṣẹ́ sí àwọn àna òun pé ó ti parí láàárín àwọn.

Ẹ ò rí ọ̀ràn? Bí mo bá ṣe yára tó ni ilé olúwarẹ̀ máa ṣe tètè tú tó. Èmi tí wọ́n sì mọ̀ mí mọ́ iṣẹ́ kíákíá.

Mo bó awọ orí náà, mo fi iyọ̀ pa á. Mo gbé agbárí sínú gáráwá omi, mo bu kán-ún díẹ̀ sí i, mo fi iná jẹ́jẹ́ sè é. Iná jẹ́jẹ́ ni mo wí o. Ẹni tó bá koná mọ́ ọn bí ẹni ń se ẹ̀wà, eyín á yọ dànù, egungun á máa rún. Nígbà tó rọ̀, ìwo méjèèjì bọ́ kúrò lára egungun tó wà nínú wọn, bí bàtà ṣe ń bọ́ lẹ́sẹ̀. Mo fi wáyà kó ọpọlọ jáde láti ẹ̀yìn, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn.

Egungun imú ti sán. Ọmọ odó nìyẹn. Ojú ibi tó ti sán funfun, ó sì mú, ó hàn pé tuntun ni. Ìyẹ̀fun pákó àti gúlúù káfíńtà á tún un ṣe, kò tó nǹkan. Ẹran tí nǹkan bá ṣe báyìí nímú á sáà máa jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Ìdí ìwo ọ̀tún ni mo ti rí ohun tó dá mi dúró. Ihò ni. Ìka mi wọ̀ ọ́. Etí rẹ̀ ti di roboto, egungun ti hù yí i ká, ó nípọn bí àpá ọgbẹ́ tó ti pẹ́. Inú rẹ̀ dúdú, ó ṣì ń rùn lẹ́yìn gbogbo sísè tí mo sè é, ó sì lu dé ibi tí ọpọlọ wà. Ọmọ odó ò débẹ̀. Egungun ò sì lè hù tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Pápá ìjà Shango ni ihò yẹn ti wá.

Mo jókòó tì í. Wọ́n kọ́ mi pé a kì í dá sí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya, ọkùnrin yìí sì jù mí lọ dáadáa. Bí mo bá dí ihò náà, awọ á bò ó, kò sẹ́ni tó máa rí i títí láé. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, ta ló sì fẹ́ gbé e kiri? Ẹ̀rù bà mí. Èmi ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, mo gbàdúrà díẹ̀, ẹ̀rù náà ò lọ.

Mo ṣáà pè é. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ìka yín bọ ibí yìí."

Ó tì í bọ̀ ọ́. Mo ṣàlàyé ohun tó jẹ́ fún un.

"Haba, Jòṣúà," ó fa ìka yọ. "Fi gúlúù dí i jàre. Iṣẹ́ ni mo gbé fún ọ, n ò ní kó o wá dájọ́."

Mo ní màá dí i, torí bí n ò bá dí i ìwo ò ní jókòó. Àmọ́ kó wo imú, kó wo ìdí ìwo, kó sì sọ èyí tó jẹ́ tuntun fún mi.

Ó wò ó títí. Ó wá bi mí ní ohùn kékeré bóyá ohun tó ń mú un yí po nìyẹn. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá ó ń dùn ún. Mo ní mi ò lè bá àgbò sọ̀rọ̀, àmọ́ èèyàn tó ní irú rẹ̀ lórí ò ní máa jó.

Ó jókòó sórí gáráwá mi, ó sunkún, kò tilẹ̀ fọwọ́ bo ojú. Ó ń sọ pé wallahi, òun lòun mú un lọ, òun lòun ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì ń bí mi sí i pẹ̀lú, torí kò tíì dárúkọ Sàfúrátù.

Nígbà tó ṣe, ó dárúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Mo gbọ́ pé àwọn àna rẹ̀ jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Wọ́n ṣe dáadáa.

Èmi náà parí iṣẹ́ mi. Mo dí ihò, mo lẹ imú, mo gbé ìwo padà, mo rán awọ bò ó. Ọjọ́ tí wọ́n dé, orí Sojà ti wà lára ògiri yàrá wọn.

Sàfúrátù wò ó. Ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ lójú mi pé kì í ṣe ìyàwó òun ló pa á. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́. Ó wá yíjú sí mi.

"Bùọ̀dá Jòṣúà, ẹ ṣeun. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ kó kú."

Ẹ̀gbọ́n Sálíù gbọ́ ọ. Obìnrin náà tú gèlè tó ti gba eruku lójú ọ̀nà, ó fi kọ́ ìwo ọ̀tún Sojà, ó sì lọ wo ohun tó kù nínú ọkà rẹ̀. Ìwo náà dúró dáadáa. Ibẹ̀ ló ń kọ́ gèlè rẹ̀ sí títí mo fi kúrò nílé yẹn, n kò gbọ́ kí ọkọ rẹ̀ sọ pé kó mú un kúrò.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọwọ́ tó kan nǹkan kẹ́yìn kọ́ ló máa ń bà á jẹ́. Ẹ bó awọ wò ná kí ẹ tó lé èèyàn jáde nílé.

Ó dájú pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé ẹlòmíì nínú yín. Ta ni wọ́n di ẹ̀bi rù, ta ló sì bẹ̀bẹ̀ nígbẹ̀yìn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ kà á. Ẹni tó bá jẹ́ Sálíù ní ààyè láti sọ tiẹ̀, àmọ́ àwọn Sàfúrátù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.