Níbi Tí Mo Ti Dákẹ́ Nínú Orin

Òórùn páálí ni mo fi ń mọ̀ pé Sátidé ti mọ́. Bàbá mi á ti iṣẹ́ òru dé láti ilé ìkẹ́rùsí ní River Road, nílùú òyìnbó tí à ń gbé, ẹ̀wù rẹ̀ á máa rùn páálí, kò sì ní tíì bọ́ bàtà tí á fi ti síídì bọ inú rédíò: orin àtijọ́ àwọn ará orí òkè Amẹ́ríkà, báńjò tí wọ́n ń ta bíi gìtá, àti ohùn imú. Ẹ̀yin tí bàbá tiyín náà fẹ́ràn irú orin yẹn, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Kò ní pẹ́ tí Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, tó ń wa bọ́ọ̀sì, á kanlẹ̀kùn. Ìjà dé nìyẹn. Bàbá mi ní bí àwọn àgbà ṣe kọ orin náà sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ni kí á kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan lé e. "Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Bọ̀dá Ṣẹ́gun á bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Báńjò tẹ́ ẹ gbé dání yìí, ṣebí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e débẹ̀. Ta ló wá jẹ́ àlejò?" Bàbá mi á pa rédíò, á ní kó máa lọ sílé ẹ̀. Kò lọ rí.

Èmi ni mo wá kó sí wọn láàárín. Àwọn olólùfẹ́ orin náà máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Rush Green, òyìnbó àgbàlagbà ló pọ̀ níbẹ̀, bàbá mi sì ti sọ fún wọn pé màá kọrin. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ó ní, "Mojí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Tó o bá ṣe é bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, o ò ní fọwọ́ kan báńjò mi mọ́." Háà! Báńjò yẹn ni gbogbo ayé mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rù bà mí débi pé léraléra ni mò ń sá lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi ní, "Ṣé tọ́ílẹ́ẹ̀tì lo fẹ́ kó lọ máa gbé ni?"

Nígbà tó kàn mí ní gbọ̀ngàn, mo kọ ẹsẹ kìíní bó ṣe wà nínú síídì. Mo dé òpin rẹ̀, mo dákẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ẹni tó ń lé orin bá ti lé e tán, ṣe ló máa ń dákẹ́ kí ìjọ lè gbè é. Ó ti mọ́ mi lára. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí ńkọ́? Tí orin bá ń lọ, wọn kì í mí pàápàá. Wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ń wò mí. Mo ń gbọ́ fíríìjì tó ń kùn ní ilé ìdáná wọn. Mi ò rántí ohun tó kàn mọ́. Mo wo bàbá mi àti Bọ̀dá Ṣẹ́gun lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo ní lọ́kàn mi pé ó parí, báńjò ti lọ.

Ni ohùn kan bá gbè é. Bàbá mi ni! Ó dìde dúró, ó gbè é bí ẹni tó wọ sùtánà, Bọ̀dá Ṣẹ́gun sì bá a gbè é. Ni mo bá lé ẹsẹ kejì. Nígbà tí a parí, ọkùnrin kan wá bá bàbá mi, ó ní wọn ò kọ ọ́ báyẹn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Bàbá mi ní, "Bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé wa nìyẹn."

Mo ti di ìyá ọmọ báyìí, gbọ̀ngàn yẹn náà ni mo ṣì ti ń kọrin. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ń bẹ̀rù ìbínú bàbá rẹ̀. Èmi ò bẹ̀rù ìyẹn mọ́. Ì bá tiẹ̀ wù mí kó bínú. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, Bọ̀dá Ṣẹ́gun ló ń fà á lọ́wọ́ wọlé. Tí mo bá dé òpin ẹsẹ kìíní, mo máa ń dákẹ́ kí bàbá mi lè gbè é. Lóṣù tó kọjá, ó pẹ́ kó tó gbè é. Àyà mi já. Mi ò kọ ẹsẹ tó kàn. Mo dúró dè é.