Òjé, Ìkọ́ Ṣòkòtò àti Ọkọ̀ Ojú Irin Télọ̀

Nígbà tí ojú Télọ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, tó kógbá iṣẹ́ wọlé, ìyàwó rẹ̀ dúpẹ́. Obìnrin náà rò pé òun yóò ní ọkọ nílé wàyí. Èrò tó dára ni. Ohun tó ní ni ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ má pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé o. Télọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ẹ́ńjìnnì gidi ni, ó kàn jẹ́ pé kò ju búrẹ́dì kan lọ ni. Omi ní ń hó nínú rẹ̀, spírítì ní ń jó lábẹ́ rẹ̀, ooru omi ọ̀hún ló sì ń yí àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ roboto. Pákó tó to irin rẹ̀ lé lórí yí gbogbo pálọ̀ po, ó sì gba iwájú ilẹ̀kùn kíṣìnì kọjá, débi pé bí ìyàwó ilé bá fẹ́ lọ dáná, ó ní láti tẹ̀ ba bí olè tó ń gba abẹ́ wáyà wọlé. Àwọn àga ti wà níta, níbi tí òjò ti ń bá wọn ṣeré. Kí lèèyàn tún ń fi àga ṣe, nígbà tó ní ọkọ̀ ojú irin tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀?

Ìṣòro kan péré ló wà níbẹ̀: ọkọ̀ náà kì í fà. Kóòṣì mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń kó wọn lọ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n Télọ̀ ti fi pákó mọ òkè kan sábẹ́ fèrèsé, nítorí ó ní ọkọ̀ tí kò bá gun òkè kì í ṣe ọkọ̀. Bó bá ti dé ìdí òkè yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á máa tú èéfín lu kọ́tìnnì, kò sì ní í kúrò níbẹ̀.

Gbogbo èyí ìbá má tó nǹkan bí kì í bá ṣe ti Dírẹ́bà. Dírẹ́bà ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó Télọ̀, ọkọ̀ ojú irin gidi ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ wà kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí Télọ̀ wá tọrọ àbúrò rẹ̀, ó wo ọwọ́ Télọ̀, ó ní, “Ọwọ́ abẹ́rẹ́ yìí náà ni yóò fa ilé?” Télọ̀ fa ilé, ó fa ọmọ mẹ́rin, ó rán gbogbo wọn níwèé. Dírẹ́bà kò rí ìyẹn. Nígbà tó wá kí wọn lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ kékeré náà há sídìí òkè níṣojú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó wá na ìka kan, ó tì í lẹ́yìn. “Jẹ́ n bá ẹ tì í, Télọ̀. O ò lè dá a fà.” Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Kò fẹnu kan oúnjẹ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀. Télọ̀ ní ẹ́ńjìnnì náà fúyẹ́ jù, kò fẹsẹ̀ tẹ irin dáadáa. Ó yọ́ òjé, ó dà á sí imú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì dorí kodò bí ọmọ tí wọ́n bá wí, àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an sì gbéra kúrò lórí irin. Ó yọ òjé kúrò níwájú, ó gbé e sí ọ̀gangan orí ẹsẹ̀ ńlá. Ìyẹn sàn díẹ̀, kóòṣì mẹ́ta gun òkè. Nígbà tó di mẹ́rin, ìkọ́ tó so wọ́n pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní kọ́nà. Ibẹ̀ ni ọpọlọ Télọ̀ ti jí. Ó tú àpótí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣa ìkọ́ ṣòkòtò jáde, àwọn pẹlẹbẹ tí a ń rán mọ́ ìbàdí, ó fi so kóòṣì mọ́ kóòṣì. Ni wọn kò bá tú mọ́.

“Ìkọ́ tó ń mú ikùn àwọn olówó dání lẹ́yìn tí wọ́n bá yó tán,” ó ní, “ṣé kóòṣì ni kò ní í lè mú?”

Ìyàwó rẹ̀ gbà pé ó gbọ́n, ó sì gbọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ṣì ń yọ̀ lórí òkè.

Obìnrin náà mọ ohun tó ń mú un yọ̀. Gbogbo ayé Télọ̀, kì í jókòó sídìí máṣíìnì láìfi epo sí i. Kó tó fọ eyín láàárọ̀, á ti kán epo sí i, á ti fi àkísà nu gbogbo ara rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Àṣà yìí náà ló gbé dé ìdí ọkọ̀ ojú irin. Láràárọ̀, á kán epo sí oríkèé ẹ́ńjìnnì, ìyẹn kò burú. Lẹ́yìn náà, á fi àkísà elépo yẹn kan náà nu ojú irin yí pálọ̀ ká, kó lè máa dán. Ó ń dán lóòótọ́. Eṣinṣin gan-an bà lé e, ó yọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti bá a sọ ọ́ rí. “Bàbá wọn, ṣé kì í ṣe epo yìí ló ń mú un yọ̀?”

Télọ̀ wò ó tàánútàánú. “Epo kì í ba ẹ̀rọ jẹ́, ìyàwó mi. Àbí ta ni télọ̀ nínú àwa méjèèjì?”

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n. Obìnrin náà tẹ̀ ba, ó gba abẹ́ pákó lọ sí kíṣìnì, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìgbà tó yá, Dírẹ́bà pè wọ́n lórí fóònù. Ó ní òun ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun lókè òkun, òun yóò wá dágbére lọ́sàn-án Sátidé. Télọ̀ fi òjé kún òjé. “Kó ṣáà rí i lẹ́ẹ̀kan péré,” ó ní, “kó ní mo ṣe é, kó máa lọ.”  Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ojú àwọn àgbà méjèèjì lè má tún kan ara wọn mọ́ láyé, pé bí ọkọ̀ yìí bá tún há, ẹ̀rín àti ìka yẹn ni yóò kẹ́yìn láàárín wọn.

Ní Sátidé, bí Télọ̀ ṣe wọ balùwẹ̀, ìyàwó rẹ̀ bu omi gbígbóná, ó mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, ó fọ irin náà yí pálọ̀ ká, ó sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Inú ń bí i bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Òun tó yẹ kó máa sinmi, ọkọ̀ tí kò gbé òun dé ibì kankan lòun ń fọ ọ̀nà fún! Télọ̀ jáde, ó ti múra bí ẹni tó fẹ́ lọ gba oyè, ó sì na ọwọ́ sí agolo epo láti tún fi pa irin lákọ̀tun.

“Ẹ̀gbọ́n mi ti dé o!” ni ìyàwó rẹ̀ pariwo. Kò tíì dé. Ṣùgbọ́n Télọ̀ sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀ títí Dírẹ́bà fi dé lóòótọ́.

Wọ́n dáná sí i, omi hó, fèrè dún. Ọkọ̀ yí pálọ̀, ó kọjú sí òkè. Dírẹ́bà ti na ìka rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó fà. Kóòṣì mẹ́jọ tẹ̀ lé e gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkọ́ ṣòkòtò di ara wọn mú ṣinṣin, wọ́n dé orí òkè, wọ́n sọ̀, wọ́n kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì, wọ́n tún yí padà wá gùn ún. Ìka Dírẹ́bà ṣì wà lófuurufú.

Ó wá fi ìka náà kan irin. Ó fi àtàǹpàkò ra ìka náà, ó gbé e sí imú. Òórùn ọṣẹ. Ó wo àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ náà sì wò ó, ojú tí wọ́n máa ń ṣe síra wọn ní kékeré bí ìyá wọn bá ń bèèrè ẹni tó jẹ ẹran inú ìkòkò. Dírẹ́bà, tí kò gbé ọ̀rọ̀ mì rí láyé rẹ̀, gbé eléyìí mì.

“Télọ̀,” ó ní, “o ṣe é.”

Télọ̀ kọjú sí fèrèsé. Ó ní ooru omi kó sí òun lójú. “Òjé ni, Ẹ̀gbọ́n,” ó ní. “Òjé àti ìkọ́ ṣòkòtò.”

“Mo rí i.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò Dírẹ́bà sìn ín dé ẹnu géètì, ọ̀rọ̀ tó gbé mì padà sẹ́nu rẹ̀. “Ìwọ lo bá a fọ irin, àbí? Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́, pé kò lè dá a fà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni obìnrin náà wí, “gbogbo ọdún tí ẹ fi wa ọkọ̀ yẹn, ta ló ń tọ́jú irin níwájú yín?”

“Àwọn kan wà.”

“Kí lorúkọ wọn?”

Mọ́tò tó gbé e wá ti ń fọn fèrè. Dírẹ́bà dúró, ó di géètì mú, ó ń wo ilẹ̀. “Mi ò bèèrè rí,” ó ní. “Àṣé èmi náà ò dá a fà.”

Ó wá ní òun gbàgbé gíláàsì òun sọ́dọ̀ Télọ̀. Gíláàsì ọ̀hún wà lójú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò sọ fún un. Ó yà fún un, ó sì jẹ́ kó padà wọlé lọ bá Télọ̀.