Gọ́ọ̀mù Sàlámì Kò Tíì Gbẹ

Ọṣẹ ti bo Alàgbà Adéwọlé látorí dẹ́sẹ̀ nígbà tí omi dá ní balùwẹ̀ rẹ̀ ní Baruwa. Ó yọrí síta, ó rí Sàlámì púlọ́ḿbà tó jókòó ti páìpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so, ọwọ́ fáàfù tí wọ́n fi ń ṣí omi ilé wà lápò rẹ̀.

"Sàlámì, ṣí omi jàre!"

"Gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ, sà."

"Ọṣẹ ti ń gbẹ sí mi lára!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Ohun tó bá ti gbẹ kì í jò."

Bí olóògbé Sàlámì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Á gé páìpù kó gún régé, á fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀, á nù ún gbẹ, á fi gọ́ọ̀mù pa ẹnu páìpù méjèèjì, á ti ọ̀kan wọnú èkejì, á yí i díẹ̀, á sì dì í mú. Èyí tó bá so lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó di Àláásárì kó tó ṣí omi sí i. Kó tó ṣí i ńkọ́? Á fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, á wá gbé etí lé e. Ó ní páìpù máa ń dáhùn. Àwọn èèyàn ní ọpọlọ rẹ̀ ń jò, ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n ń pè, torí iṣẹ́ rẹ̀ kì í jò.

Páìpù ilé tirẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin nìkan ló jò fún ọdún kan gbáko.

"Bàbá, tiwa ńkọ́?" ni Rashidat ọmọ rẹ̀ máa ń bi í.

"Ilé wa mọ̀ mí. Á ní sùúrù."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn Àìlà, ó so páìpù náà. Ó yọ ọwọ́ fáàfù, ó dì í mú, ó lọ dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Kò jí mọ́.

Àwọn tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́ dé, omi ò sí. Wọ́n fa ọwọ́ fáàfù títí, ìkúùkù Sàlámì ò tú.

"Ẹ jẹ́ ká pọnmi nílé kejì," ni Adéwọlé tó wá kẹ́dùn wí.

"Rárá, sà. Ọdún kan ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Omi páìpù tó so fún mi yìí la máa fi wẹ̀ ẹ́."

"Rashidat, òkú kì í dúró de gọ́ọ̀mù!"

"Èyí á dúró, sà."

Wọ́n dúró. Bí wọ́n ṣe pe ìrun Àláásárì báyìí, nǹkan ń kan páìpù nínú ògiri: kó, kó, kó. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nítòsí ògiri. Ìgbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, ìkúùkù Sàlámì ti tú, ọwọ́ fáàfù ti bọ́ sórí ẹní.

"Ó ti gbẹ," ni Adéwọlé wí. "Ẹ tètè ṣí i, kó má baà yí ọkàn padà."

Rashidat gbé etí lé páìpù bíi ti bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ṣí omi. Ojú ìsopọ̀ náà ò kán tótó. Nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn, ojú Rashidat nìkan ló jò.