Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Fọ́ Igbá Mi

Ọjọ́ tí mo lo oògùn ikọ́ ife mi parí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti mú mi ní Koko, abúlé wa, ni ìyá àgbà ti ya igbá oúnjẹ mi sọ́tọ̀, a ò sì jọ jẹun mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi fi alùpùpù gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Bantè. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ mí wò, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ igbá mi lẹ́nu bàbá, ó rẹ́rìn-ín: "Ó ti san pátápátá! Igbá oúnjẹ kì í sì í kó ikọ́ ife ran ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí a délé, bàbá sọ ọ́ fún ìyá àgbà. Ìyá àgbà gbé igbá mi, wọ́n là á mọ́lẹ̀, ó fọ́ yángáyángá.

Wọ́n wá fa àwo iyán wọn sún mọ́ mi. "Àṣàkẹ́, bu òkèlè jàre. Ó ti sú mi láti máa dá jẹun."

Òkèlè tí mo bù tóbi ju ẹnu mi lọ.