Ọkọ̀ Aláwọ̀ Aró Tí Mo Fi Tọrẹ ní Torino

Òórùn ọ́ìlì tó ti tutù lára irin ló máa ń mú mi rántí àgbàlá ilé tí a gbé ní Torino, nílẹ̀ Ítálì. Ní òwúrọ̀ oṣù Kejìlá, kùrukùru á ti bo àgbàlá náà débi pé o ò ní rí ẹnu ọ̀nà òdìkejì, ìrì á sì ti dì funfun sórí gíláàsì àwọn ọkọ̀ bí ẹni da iyọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ máa ń sùn, ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ aró, onílẹ̀kùn méjì, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ṣe nínú ìlú náà gan-an. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó líítà kan, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí n kò mọ̀ lára rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ irin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1990. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ mẹ́káníìkì. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ta ọkọ̀ náà fún mi, ó sì fi ìwé àtúnṣe rẹ̀, tí wọ́n fi èdè Ítálì kọ, lé mi lọ́wọ́. Díkíṣọ́nárì ni mo gbé ka ẹsẹ̀ kan, ìwé náà ka ẹsẹ̀ kejì. Bí mo ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú kábúrétọ̀ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń fi bẹntiróò fọ ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá, bí wọ́n sì ṣe ń fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì títí yóò fi ṣe déédéé. Ìyàwó mi kì í pè é ní ọkọ̀. "Ẹ bá mi kí orogún mi o," ló máa ń wí bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí àgbàlá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tí a bí ìbejì, ọkọ̀ kékeré kò gbà wá mọ́, a sì ra èyí tó tóbi. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá àwa òṣìṣẹ́ ṣètò owó orí ló sọ fún mi pé bí mo bá fi ti àtijọ́ náà ta ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ, tí wọ́n sì parí passaggio di proprietà, ìyẹn ni kí ọkọ̀ kúrò lórúkọ mi bọ́ sí orúkọ wọn, kí ọdún tó tán, wọn yóò yọ nínú owó orí mi. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkọ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ti di àlòkù irin kò já mọ́ nǹkan kan.

N kò ronú lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹni tí n óò fún. Ẹgbẹ́ kan wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa tó ń gbé àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí ọsibítù fún fífọ ẹ̀jẹ̀. Ọkọ̀ wọn kan ti kú. Ọwọ́ àwọn yìí kan náà ni mo ti gba ẹ̀wù òtútù tí mo wọ̀ lọ́dún tí mo dé, nígbà tí eyín mi ń gbá ara wọn lójú pópó.

Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, bí o bá fẹ́ fún èèyàn láṣọ, wàá fọ̀ ọ́, wàá sì lọ̀ ọ́. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo pààrọ̀ bẹ́líìtì, mo ṣe bíréèkì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo ibi tí ìpẹtà ti fẹ́ yọjú. Ìyàwó mi dúró lójú fèrèsé.

"Bàbá Ìbejì, orogún tí ẹ fẹ́ lé lọ ni ẹ tún ń wẹ̀ fún báyìí?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ilé mi ló ti rù."

"Ẹ má gbàgbé láti fi àdí pa á lẹ́sẹ̀."

Mo wà á lọ. Signora, ìyẹn ìyáàfin, tó ń darí ẹgbẹ́ náà, ìyá arúgbó kan tó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, jáde wá pàdé mi. Mo sọ ohun tí bàbá mi ì bá sọ bó bá ń fún àlejò níṣu: "Ẹ má bínú, kò tó nǹkan. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ó ti gbó, kò tiẹ̀ yẹ yín." Ó dì mọ́ mi, ó dúpẹ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, mo wọ tíráàmù padà sílé, inú mi ń dùn.

Lẹ́yìn Kérésì, ó pè mí lórí tẹlifóònù. Àwọn tó ń fọ́ ọkọ̀ àlòkù ń bọ̀ wá gbé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n má bínú, owó irin rẹ̀ yóò ṣe wọ́n láǹfààní. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ó ti gbó, pé kò yẹ wá," ló fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn.

Mo jókòó. Èyí tí wọn ì bá yọ nínú owó orí mi ti lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dùn mí. Ojú mi ń rí irin ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọkọ̀ pẹlẹbẹ bí àkàrà.

"Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́ di àlòkù irin," ni ìyàwó mi wí. "Ẹ lọ fi ẹnu kan náà gbé e dìde."

Mo ti débẹ̀ kí àwọn onírin tó dé. Signora wà níbẹ̀, pẹ̀lú awakọ̀ wọn, àgbàlagbà kan tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀, ó dé fìlà, ó káwọ́ gbera. Mo ní, "Signora, níbi tí mo ti wá, ẹni tó fúnni lẹ́bùn kì í yin ẹ̀bùn náà. Ṣùgbọ́n lónìí, n óò yìn ín." Mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà. Mo yin bíréèkì, mo yin bẹ́líìtì, mo yin kábúrétọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi fọ̀, mo yin ẹ́ńjìnnì tí kì í jo ọ́ìlì kán sílẹ̀. N kò yin nǹkan kan báyẹn rí láyé mi.

"Ẹnu nìyẹn," ni awakọ̀ náà wí. "Inú òtútù ló ti ń sùn látọjọ́ yìí. Tan án."

Mo fa ṣóòkù, irin tí a ń fà kí ẹ́ńjìnnì tútù lè rí epo púpọ̀ mu, dé àárín péré, nítorí bí o bá fà á tán, epo yóò kún bo plọ́ọ̀gì, kò sì ní mú. N kò fẹsẹ̀ kan tọ́rótù tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Signora wolẹ̀. Mo tún yí i, ó sì mú, ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó gbóná tán, awakọ̀ náà ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó mú kọ́ìnì kan lápò, ó fi etí rẹ̀ gbé e dúró lórí irin, láti mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì náà ń mì. Kọ́ìnì náà gbọ̀n díẹ̀, kò ṣubú. Ó wò ó, ó wò mí.

"Ẹ pe àwọn onírin yẹn," ló wí fún signora. "Ẹ ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá."

A parí passaggio kí ọdún tó yí. Owó orí mi dín lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò rántí ohun tí a fi èyí tó ṣẹ́ kù rà. Ohun tí mo rántí ni ọjọ́ kan nígbà tí òtútù ti lọ, tí mo dúró de tíráàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù, tí ọkọ̀ aláwọ̀ aró kan dúró sí iwájú ẹnu ọ̀nà. Awakọ̀ náà di ìyá kan lápá mú sọ̀kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó rí mi lódìkejì. Ó kàn na ọwọ́ síwájú, ó ṣe bí ẹni ń fa ṣóòkù, ó sì dá ọwọ́ dúró ní àárín.

Lọ́jọ́ tí mo gba ẹ̀wù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yẹn, ilẹ̀ ni mò ń wò. Lọ́jọ́ yìí, mo gbé orí sókè, mo sì dá a lóhùn pẹ̀lú ọwọ́ tèmi. Títí dòní, bí mo bá ń fún èèyàn ní nǹkan, mo ṣì máa ń sọ pé kò tó nǹkan, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kì í lọ kí wọ́n tó tan án níṣojú mi.